Awò Tí Mo Kì Bọ Àpò

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aláwò,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Olú-ìlú.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ.

Ògiri, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n tètè sọ èyí kó má lọ bẹ́ mi nínú: lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èmi Ológbò la ojú afọ́jú méjìlélọ́gbọ̀n láàárín ìdajì ọjọ́, láìlo oògùn, láìlo abẹ́rẹ́. Àwọn ará abúlé gbé mi gun èjìká, wọ́n ń gbé mi yípo títí ṣòkòtò mi fi ya. Ìwọ náà sì mọ̀ pé ojú tèmi gan-an mú ju ti àwòdì lọ. Ṣebí mo rí ọ ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń lọ, nínú ṣẹ́ẹ̀tì pupa rẹ, tó ò ń ju ọwọ́ méjèèjì sí mi títí ọkọ̀ wa fi yí kọ̀rọ̀? Tó o bá ń rẹ́rìn-ín, rín in tán kó o tó máa kà á lọ.

Ó yá, ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń sùn lọ tí rédíò á máa dá sọ̀rọ̀? Àbúrò rẹ tó ká eyín iwájú ńkọ́, ṣé òmíràn ti ń yọjú? Bá mi kí ajá yín pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jẹ bàtà mi kan. Ara tèmi le. Ọkàn mi nìkan ni ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ tó o bá kà á dé ìsàlẹ̀. Láti ìgbà tí kóòṣì ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, ọ̀rọ̀ tó ò ń bá mi sọ kò kún ẹnu mọ́.

Olú-ìlú yìí kò ṣe é fẹnu sọ, ṣùgbọ́n màá gbìyànjú. Ilé kan wà níbí tó ga débi pé ẹyẹ tó bá fẹ́ fò dé orí rẹ̀ ní láti di oúnjẹ dání. Ọ̀nà wọn fẹ̀ débi pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá ní ọmọdé, tòun ti irùngbọ̀n ni yóò dé òdìkejì. Ní ìrọ̀lẹ́, bí òjò bá ti dá, gbogbo iná òpópónà á yọ́ sínú ara wọn bí àwọ̀ tó ń ṣàn nínú omi. Mo máa ń jókòó lójú fèrèsé òkè bí ẹni tó ń lálàá láì tíì sùn.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo dé sí. Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Bàbá Aláwò, torí awò ojú ni wọ́n ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà nísàlẹ̀, òkè là ń sùn. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń lọ dígí. Láti àárọ̀ ló ti ń kùn wùùù bí oyin tó ń rántí nǹkan, omi funfun bíi mílíìkì á máa kán sínú ike lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń to àwọn dígí tí wọ́n ti fọ̀ sójú fèrèsé kí wọ́n lè gbẹ. Bí oòrùn bá ti kàn wọ́n, òṣùmàrè wẹ́wẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára ògiri, wọ́n á gun àga, wọ́n á gun ẹsẹ̀ mi. Mo ti mú ọgọ́rùn-ún nínú wọn sínú àtẹ́lẹwọ́; kò séyìí tó dúró.

Bàbá Aláwò ní ìṣe kan tí mi ò rí lọ́wọ́ oníṣẹ́ kankan rí. Wọn kì í kọ orúkọ sára ẹrù. Wọ́n á fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé awò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kọ ohun tí ẹni tó ni ín fẹ́ fi í wò sára rẹ̀. “Ìyá tó fẹ́ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.” “Tíṣà tó fẹ́ mọ ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn kíláàsì.” Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ò kàn jẹ́ orúkọ. Wọ́n ní, “Orúkọ kì í ríran. Ohun tí èèyàn fẹ́ rí ni mo ń lọ dígí fún.”

Wọn kì í sì í bi èèyàn bóyá ó ríran. Wọ́n á kàn gbé ọ kalẹ̀ lójú fèrèsé, wọ́n á ní kó o ròyìn ohun tó ń lọ níta. Ọjọ́ kẹta tí mo dé ló kàn mí. Mo sì ròyìn! Mo ní mo rí ọlọ́pàá sísanra kan tó ń lé ewúrẹ́ tó gbé fìlà rẹ̀ sẹ́nu, mo ní ìyàwó ọlọ́pàá ló ń pàtẹ́wọ́ fún ewúrẹ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Aago tó wà lára ilé iwájú yẹn ńkọ́? Kí ló wí?”

“Ó ní ẹ kú iṣẹ́, sà.”

Wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé. Wọ́n wá ti fèrèsé, wọ́n gbé férémù irin wúwo kan lé mi nímú, wọ́n ń ki dígí bọ̀ ọ́, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì tíńtín sí mi lójú. Wọ́n ní férémù lásán ni àwọn ń dán wò, pé kò sí orí mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù tó tóbi tó tèmi. Mo gbà, ìwọ náà mọ orí mi. Kí oorun má baà gbé mi lọ, mo ń ròyìn àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù wa fún wọn, bí góòlù ìkẹyìn ṣe wọlé mọ́ èmi aṣọ́lé lọ́wọ́ torí pé ìwọ dí mi lójú.

“Ibo ni bọ́ọ̀lù wà nígbà tó o kọ́kọ́ rí i?”

“Nínú àwọ̀n, sà.”

Wọ́n tún kọ ìyẹn sílẹ̀.

Oṣooṣù ni wọ́n máa ń gbé awò lọ sí àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn olú-ìlú. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Awò méjìlélọ́gbọ̀n wà nínú àpótí lórí itan mi. A wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀. Àwọn ilé gíga di ilé kúkurú, ilé kúkurú di ọgbà ẹ̀fọ́, lẹ́yìn náà kò sí ilé mọ́, àfi kùrukùru tó nà gbalaja lórí koríko bí ẹni tí kò níṣẹ́. Odò kan ń bá wa lọ, ó sọnù, ó tún padà yọ lódìkejì. Mo ń wo gbogbo rẹ̀ bí aṣọ aláràbarà tí wọ́n fọ̀ tí wọn ò fún, tí àwọ̀ kan ń ṣàn wọnú èkejì. Mo rò pé bí ìgbèríko ṣe rí lójú gbogbo ayé nìyẹn.

A sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó kékeré kan, a gba ọ̀nà ẹsẹ̀. Bàbá Aláwò ti ṣíwájú, wọ́n ń kí àwọn tó wà lóko. Èmi gbé àpótí dé orí afárá pákó kan. Pákó kan ti yọ níbẹ̀, mi ò sì rí i pé ó ti yọ. Ẹsẹ̀ mi kan wọlé, ṣòkòtò mi ya fàà, àpótí ṣí. Awò mẹ́ta já bọ́ sórí koríko etí odò, omi gbé ìwé tí wọ́n fi wé wọn lọ. Mo ní kí n kàn fi ojú ara mi dá wọn mọ̀. Mo wọ ọ̀kan: orí mi yí. Mo wọ èkejì: koríko sún mọ́ mi nímú. Mo wọ ìkẹta.

Ògiri, igi ní ewé.

Má pè mí ní òmùgọ̀. Mo mọ̀ pé igi ní ewé, ṣebí mo máa ń rí wọn tí wọ́n bá já sílẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àwọn èèyàn ń rí wọn látòkèèrè, lókè níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kálukú ń mi orí tirẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Mo rí ibi tí wọ́n lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀wù Bàbá Aláwò, níbi tí wọ́n rìn jìnnà dé. Mo rí òkè kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà níwájú mi, ilé kan lórí rẹ̀, àti ẹnìkan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Mo bọ́ awò, gbogbo rẹ̀ yọ́. Mo tún un wọ̀, gbogbo rẹ̀ padà dé. Mo jókòó sórí afárá yẹn bí ẹni tí wọ́n jí sínú àlá ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà mo ki awò náà bọ àpò ṣòkòtò mi, èyí tí kò ya.

Títí di ọ̀sán la fi ń pín awò lábẹ́ igi. Àwọn tó ni méjì yòókù dá tiwọn mọ̀ bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́. Ìyá olówùú ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n hó yèè, wọ́n wojú gbogbo wa, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, yíjú sẹ́yìn.” Ara mi níbẹ̀ ni wọ́n ti rán ṣòkòtò náà.

Ó wá ku ẹnìkan, bàbá orí òkè tí mo rí láti orí afárá, a sì gun òkè lọ bá wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wa ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin wọn ló ń wà á báyìí. Ojoojúmọ́ ló ń gba ìsàlẹ̀ òkè náà kọjá lọ́sàn-án, á sì juwọ́ sí bàbá rẹ̀. Ọdún méjì ni bàbá ti ń juwọ́ padà sí ariwo lásán. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti ya irun, wọ́n ti wọ ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Bàbá Aláwò tú àpótí, àpótí ṣófo.

“Mo kọ ọ́ o. ‘Bàbá tó fẹ́ rí ẹni tó ń juwọ́.’ Ibo ló wọlé sí?”

“Ó jọ pé ó bọ́ sódò nígbà tí mo ṣubú, sà,” ni mo wí.

“Kò burú,” bàbá náà ní. “Oṣù tó ń bọ̀ ò jìnnà.”

Ibi tá a wà yẹn ni ariwo ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn igbó. Bàbá dìde, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń juwọ́. Ibi tí wọ́n kọjú sí kọ́ ni ọkọ̀ ti ń bọ̀.

Ìwọ ni mo rántí. Mo rántí bó o ṣe dúró níwájú kóòṣì nígbà tí mo ní, “Ògiri ló dí mi lójú.” Ọwọ́ mi ti wọ àpò kí n tó rán an.

“Bàbá, ẹ dákun, ọ̀dọ̀ mi ló wà.” Mo fi í sí wọn lójú, mo rọra yí orí wọn síbi tó yẹ.

Ọkọ̀ já sí gbangba. Bàbá na ọrùn síwájú.

“Ó ti sanra,” wọ́n ní. “Ẹ wò ó! Ọmọ mi ti sanra o! Ó ń jẹun!” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn, wọ́n ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi lọ tán. Èmi ò rí ọmọbìnrin náà. Lójú tèmi, nǹkan gígùn kan tó ní àwọ̀ eérú ló rọra kọjá nísàlẹ̀ òkè.

Bàbá Aláwò ò bá mi wí. Nígbà tá a padà dé afárá, wọ́n jókòó, wọ́n yọ nǹkan kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé jáde nínú àpò àyà wọn. Mo ka ohun tó wà lára rẹ̀: “Ọmọ tó fẹ́ rí bọ́ọ̀lù kó tó dé àwọ̀n.”

“Ó ti ṣe tán láti Ọjọ́rú,” wọ́n ní. “Mò ń retí kó o béèrè ni.”

Ògiri, ìwọ ò dí mi lójú. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tó o dúró sí. Àwọn èèyàn ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé apá ọ̀tún lo wà, o jìnnà sí mi. Mi ò rí bọ́ọ̀lù yẹn. Àwọn bọ́ọ̀lù tí mo sì mú nínú ìdíje náà, etí ni mo fi mú wọn. Ojú ló tì mí láti sọ pé Ológbò ò ríran, ni mo bá tì ọ́ síwájú. Jọ̀ọ́, má bínú. Mo ti kọ lẹ́tà mìíràn sí kóòṣì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ láìsí àsọdùn kan, kí wọ́n lè kà á kí wọ́n tó yan ẹgbẹ́ tuntun. Tí wọ́n bá ní aṣọ́lé ò gbọdọ̀ wọ awò, kí wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, màá máa pariwo. Ó kéré tán, màá mọ ẹni tí mò ń bú.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá dáadáa. Sọ fún àbúrò rẹ pé mò ń mú òṣùmàrè kan bọ̀ fún un. Dígí tó ṣẹ́ létí ni, Bàbá Aláwò ti fi í fún mi.

Ó ku àwọn irọ́ tí mo pa lókè. Awò náà pé méjìlélọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Aláwò ni. Kò sẹ́ni tó gbé mi gun èjìká. Ṣòkòtò mi ya, ìyẹn dájú. Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù ni ti ibùdókọ̀. Mi ò rí ọ. Nǹkan pupa kan ni mo rí, ó lè jẹ́ garawa, mo sì juwọ́ sí i títí ọkọ̀ fi yí kọ̀rọ̀.

Ṣé ìwọ ni?

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tó ti di olójú mẹ́rin,
                                        Ológbò.