Ahọ́n Raliatou àti Omi Sódà

Williamsville, Abidjan,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Mars, 1974.

Àbúrò mi, Ìyá Raliatou,

Mo kí ọ kú ilé. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún bàbá wọn ti fúyẹ́? Àwọn ará Èjìgbò ńkọ́? Èmi wà láàyè, ṣùgbọ́n bí mo ti ń jókòó ni mò ń dìde. Séraphin, ọmọ-ọmọ mi tó ń kọ́ni ní kọlẹ́ẹ̀jì, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní kí n dúró lójú kan kí òun lè gbọ́ mi.

Iṣẹ́ tí mo fi rán Alidou sí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé Raliatou ṣe àìgbọràn ni omi sódà fi bó o lẹ́nu, irọ́ ni. Èmi ni mo ní kó tọ́ ọ wò.

O mọ̀ pé omi eérú ni ìyá wa fi ń se ọṣẹ, ahọ́n ló sì fi ń mọ̀ bóyá ó ti ta tó. Èmi náà ò ṣe é lọ́nà mìíràn rí. Ṣùgbọ́n eérú gidi wọ́n níbí, sódà ni gbogbo wọn sì fi ń ṣe kabakúrú, ọṣẹ róbótó tí àwọn Dioula ń rà. Mo ra sódà. Ó funfun bí iyọ̀. Mo rò pé eérú tí òyìnbó fọ̀ ni. Raliatou dà á sínú omi, garawa gbóná láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Màámi, omi yìí fẹ́ hó o." Mo ní, "Ṣé omi lò ń bẹ̀rù? Tọ́ ọ wò." Ó tọ́ ọ wò, díẹ̀ sì bọ́ sí i lọ́fun.

Kassim tí a jọ ń gbé àgbàlá sáré mú ọsàn wẹ́wẹ́ wá, pé kíkan ló ń pa sódà. Séraphin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: "Tonton, rárá. Omi nìkan." Omi tútù ló fi ń ṣan ẹnu ọmọ náà títí a fi rí táksì. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi pé òótọ́ ni, kíkan àti sódà máa ń pa agbára ara wọn, ṣùgbọ́n ooru ń jáde níbi ìjà náà, ẹnu ọmọ ni ì bá sì gbà á. Ó ní ẹbí kan ni eérú àti sódà, àmọ́ ọ̀kan ń géni jẹ, èkejì ń gbéni mì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ kí n tó ra sódà. Ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ bi mí ni?" Mi ò bi í.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bá ọmọ rẹ wí, pé àgbà obìnrin bíi tirẹ̀ ń fi ahọ́n tọ́ sódà wò. Kò lè fọhùn. Ó wò mí, ó sorí kọ́. Mo dákẹ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè jókòó. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ahọ́n yóò san. Ọ̀fun ni wọn ò tíì mọ̀. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì títí di ogúnjọ́ oṣù yìí, wọ́n á la ikùn rẹ̀, wọ́n á máa fi rọ́bà bọ́ ọ. Láàárọ̀ yìí mo sọ fún dókítà níṣojú Raliatou, Séraphin ń túmọ̀, pé èmi ni mo rán an. Lẹ́yìn náà mo bu omi ẹ̀kọ tútù fún un. Ṣíbí àkọ́kọ́ padà. Ìkejì wọlé, kò padà. Mi ò ní pe ṣíbí kan ní ìwòsàn.

Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá yóò padà síbí ní ọjọ́ kẹta tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí o bá fẹ́ wá bú mi, bá a bọ̀. Má bá ọmọ náà wí.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni,
Ìyá Ọlọ́ṣẹ.
(Ìtẹ̀ka mi nìyí.)