Ogójì Ìdí Ọsàn tí Mo Lọ́ fún Akàndé

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ilẹ̀ ìyẹ̀wù wa bò,

Ẹnu ọ̀nà ìyẹ̀wù yín ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí. Ìyá ti lọ sí ọjà, ilé dákẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó bù mọ́ ọn fún yín. Akàndé ti ṣubú, Bàbá. Èmi ni mo bì í ṣubú, ọsàn ni mo sì fi bì í.

N kò mọ̀ bóyá inú yín máa dùn. Inú tèmi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó sọ ìyókù.

Ẹ rántí pé kí àwọn sójà tó gba ìjọba, ẹrù ni Akàndé ń gbé ní ibùdó réluwé. Ẹ lọ́ igi ọsàn kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ti ojú ẹ̀ka dídùn bọ ara ìdí kíkan bí iṣẹ́ yín ṣe rí, kò bomi rin ín, igi náà sì kú. Ó fa igi gbígbẹ náà wá bá yín níwájú àwọn èèyàn, ó ní ọwọ́ yín kò dára. Ẹ yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò, ẹ ní, "Akàndé, òùngbẹ ló pa á, kì í ṣe ọwọ́ mi." Gbogbo àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yin ti gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Òun kò gbàgbé. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe dẹlẹgé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, tí a wá ń pe ara wa ní kàmárádì, tó di pé òun ló ń pe ìpàdé, òun ló sì ń kọ orúkọ ẹni tí kò wá, ọ̀dọ̀ yín ló kọ́kọ́ yà.

Ó ní ẹ̀yìnkùlé yín, níbi tí àwọn igi ọsàn yín wà, tóbi jù fún ẹnì kan, pé ilé ìpàdé ni wọn máa kọ́ síbẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ bí ohùn yín ṣe rẹlẹ̀. Oṣù méjì péré lẹ tọrọ, kí ọsàn orí igi lè pọ́n. Ó ní, "Ìyípadà kì í dúró de ọsàn, kàmárádì." Ẹ̀yin tí ẹ tó bí i lọ́mọ ló ń pè bẹ́ẹ̀!

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé àáké dé. Kí wọ́n tó wọlé, mo gé ẹ̀ka mélòó kan lára ọsàn yín tó dùn jù, mo fi aṣọ tútù wé e, mo gbé e sábẹ́ ibùsùn. Ẹ kò mọ̀. Ó dùn mí títí di òní pé n kò sọ fún yín. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, kò ku igi kan. Ilé ìpàdé náà ńkọ́? Wọn kò to bíríkì kan síbẹ̀. Àgbàdo Akàndé ló hù níbẹ̀ lọ́dún yẹn.

Láti ìgbà náà, ẹ̀bá ògiri lẹ máa ń jókòó sí, tí ẹ ń pọ́n ọ̀bẹ tí kò ní ohun tí yóò gé mọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rí yín tí ẹ fi eyín fa okùn ọ̀rá, bí ìgbà tí ẹ bá ń di ojú ẹ̀ka tuntun mọ́ ara igi, ṣùgbọ́n kò sí igi níwájú yín. Kí lẹ ń rò nígbà náà? Ẹ kò ṣe àìsàn kan tó lórúkọ. Ọyẹ́ dé, ẹ sì lọ.

Akàndé wá síbi ìsìnkú. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ní, "Èèyàn dáadáa ni bàbá rẹ, ìgbà ni kò gbọ́." Mo ní, "Ẹ ṣeun." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá!

Nígbà tó yá, wọ́n fi mí ṣe olùkọ́ ní lẹkọ́lì, ilé ìwé tó wà lẹ́bàá ilé wa. Ìjọba ní kí lẹkọ́lì kọ̀ọ̀kan ní oko, èmi àti àwọn ọmọ sì gbin ọsàn. Àwọn ẹ̀ka abẹ́ ibùsùn yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má baà gbẹ, mo ti kọ́kọ́ lọ́ wọn ní bòókẹ́lẹ́ sí ìdí ọsàn kíkan kéékèèké méjì tó hù lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ẹ kì í dé. Nígbà tí ọsàn wa so, tó dùn bí tiyín, òkìkí rẹ̀ kàn dé abúlé Ofè. Nígbà náà ni Akàndé wá.

Ó ti ṣán ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà abúlé Boni, ó sì ti gbin ogójì ìdí ọsàn kíkan, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé gbòǹgbò ọsàn kíkan ló lágbára, pé ojú ọsàn dídùn ni kí èèyàn lọ́ sí i lórí. Àwọn ọ̀gá máa ti Kútọnù wá wo oko náà lọ́jọ́ tó bá so.

Ó pè mí bí àwọn ọmọ lẹkọ́lì ṣe ń pe olùkọ́ wọn obìnrin, ó ní, "Mẹtirẹ́sì, ìwọ nìkan ló kù tó mọ iṣẹ́ yìí ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́."

Mo ní, "Irú ọsàn wo lẹ fẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ti bàbá rẹ ni. Ta ni kò mọ bó ṣe máa ń dùn?"

Inú mi gbóná, ṣùgbọ́n ẹnu mi tutù. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún Ìyá. Ó gbé abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, bàbá rẹ kò fi ojú burúkú sí igi ẹnikẹ́ni rí." Mo ní, "Bàbá mi ti kú, Ìyá." Ó padà sídìí abọ́ rẹ̀.

Mo lọ sídìí igi ọsàn kíkan tó wà lẹ́yìn ibùdó réluwé, èyí tí àwọn ewúrẹ́ pàápàá kì í jẹ èso rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gé ojú ẹ̀ka. Kíkan ni mo lọ́ mọ́ kíkan, ogójì ìgbà. Mo la èèpo wọn bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo ti ojú náà bọ inú, mo fi eyín fa okùn le. N kò fẹ́ kí ọ̀kan kú. Igi tó bá kú, ìbànújẹ́ ọjọ́ kan ni. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn yè. Mo fẹ́ kí Akàndé bomi rin wọ́n.

Ó sì bomi rin wọ́n, Bàbá! Ọdún mẹ́rin gbáko. Ó ra garawa, ó ṣọgbà yí wọn ká. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀rù ni ewé, nítorí ewé ọsàn kíkan máa ń fẹ̀ lọ́rùn, níbi tó ti so mọ́ ẹ̀ka, ẹni tó mọ igi á sì dá a mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó já ewé kan, ó nà án sí mi, ó ní, "Wo bó ṣe tutù yọ̀yọ̀!" Mo ní ó dára. Bí mo bá ti lọ bá a tún ẹ̀ka wọn ṣe, iṣu ló máa ń fi ránṣẹ́ sí wa. Ìyá kò fọwọ́ kàn án. Èmi sè é, mo sì jẹ ẹ́.

Àwọn igi náà so rẹpẹtẹ. Nígbà tí ọsàn náà pọ́n, Akàndé kò tọ́ ọ wò, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò; ó ní àwọn àlejò ló máa kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo kó àwọn ọmọ lẹkọ́lì lọ kọrin. Akàndé sọ̀rọ̀ títí, ó ní ìṣọ̀kan ará ìlú ló so èso yìí. Wọ́n bó ọsàn sínú àwo, wọ́n gbé e fún ọ̀gá sójà tó ṣáájú wọn. Ó gé e jẹ. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó sì tu ú sílẹ̀. Ẹnì kejì mú òmíràn, òun náà tu ú. Ìyá àgbàlagbà kan láti Boni ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ṣé ohun tí ìṣọ̀kan wa so nìyí?" Ẹ̀rín gba gbogbo oko. Àwọn ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín, n kò sì dá wọn lẹ́kun.

Àwọn ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Akàndé mọ̀ọ́mọ̀ fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọ́n mú un lọ sí Kútọnù, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, kì í ṣe dẹlẹgé mọ́, aṣọ rẹ̀ sì ti tóbi jù ú lọ.

Ó wá bá mi ní ilé. Ó dúró, n kò fún un ní àga.

Ó ní, "Ìwọ lo ṣe é."

"Èmi ni."

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Bàbá, ó ti gbàgbé. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, kò díbọ́n. Mo ní, "Ìwọ lo pa bàbá mi." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa pè é ní ìwọ.

Ó ní, "Nítorí igi?"

Mo ní, "Ìwọ náà, nítorí igi kan tí òùngbẹ pa ni."

Ó yí padà, ó lọ. Mo ti rò pé ara mi máa fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹ́ kù, nítorí n kò purọ́ fún yín rí. Gbogbo ìlú ti gbọ́ ohun tí mo ṣe, kò sì sí ẹni tó tún pè mí wá lọ́ igi. Ìyàwó àbúrò yín tó wà ní Adido ní irúgbìn máńgòrò tó fẹ́ kí wọ́n bá a lọ́. Ó gbé wọn kọjá níwájú ilé wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ó kí mi dáadáa, kò sì dúró. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń bẹ̀rù. Orúkọ rere tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín ní nídìí iṣẹ́ yìí, èmi ni mo bà á jẹ́. Ṣé ẹ ń bínú sí mi? Ìyá kò sọ bóyá ẹ máa bínú tàbí ẹ kò ní bínú.

Ó dùn mí, Bàbá. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí Akàndé bá tún gbin ogójì ìdí lọ́la, tó sì pè mí, kíkan náà ni n ó lọ́ sí i, n ó sì lọ́ ọ dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju ìdáríjì lọ.