Wéèjì Tí Mo Gbẹ́ fún Ọkọ̀ Òfuurufú Yín

Nkembo, Libreville
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásàrí

Bushrah ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ tí àwọn dókítà Faransé fi nǹkan funfun rẹ́ bí ògiri ilé tuntun. Ọlọ́run tó yọ ọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú tó gun ògiri kò ní jẹ́ kí o yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ. Àwa náà wà dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ ti lọ sílẹ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́ ohùn rẹ. Anwar ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní báńkì rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fún un ní afẹ́fẹ́ tútù lọ́fẹ̀ẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ ó ń ráhùn pé owó oṣù òun kéré. Ìsọ̀ mi wà, mo ti tún fi pẹpẹ ìpàtẹ kan kún un, àwọn tó ń kọjá ní Nkembo kò lè ṣàì dúró wò ó.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí o. Anwar ní kí n jẹ́ kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, pé ìṣẹ́jú kan ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ tó ti Libreville dé ilẹ̀ Faransé láàárín ìṣẹ́jú kan, ó dájú pé kò gbé ẹrù kankan dání. Oṣù mẹ́ta péré ni mo lò ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, àmọ́ o rí i bí ìlà mi ṣe tọ́. Faridah, ọmọ aládùúgbò wa tó ń bọ̀ nílẹ̀ Faransé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́.

Anwar fi fídíò ìjàǹbá yín hàn mí. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Mo rí ọkọ̀ náà, tuntun, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán, imú rẹ̀ ti kọjá sórí ògiri bí ewúrẹ́ tó fẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ ní bóyá ó fẹ́ fò ni. Mo ní rárá, mo ṣàlàyé fún un gẹ́gẹ́ bí o ṣe ṣàlàyé fún mi, pé ẹ kò tíì tà á, pé àwọn tó fẹ́ rà á wá wò ó, pé ẹ̀yin mẹ́sàn-án wọ inú rẹ̀, ẹ jókòó sójú kan lórí ilẹ̀, ẹ sì tẹ ẹ́ńjìnnì méjèèjì dé òpin agbára wọn láti mọ̀ bóyá wọ́n dára, tí ó fi jẹ́ pé búrékì nìkan ló di ọkọ̀ náà mú, apá búrékì kò sì ká a. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi Anwar ni ẹni tó ni àdánù, nítorí nínú òwò tiwa, ọjà tó bá fọ́ kí oníbàárà tó gbé e kúrò lórí tábìlì, ti ọlọ́jà ni. Anwar ní ìnṣọ́ránsì ni yóò san án. Mo ní kó bá mi wá àdírẹ́sì ọkùnrin Ìnṣọ́ránsì náà, nítorí ẹni tó ní irú owó bẹ́ẹ̀ tí kì í sì í bínú, ó yẹ kí èmi pẹ̀lú rẹ̀ mọra.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ táyà ló dùn mí jù. Gbogbo ìwé tí ẹ kà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi wéèjì sí ìdí táyà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ìlú yìí kí n tó ṣí ìsọ̀, mi ò sì mọ awakọ̀ gidi kan tí yóò dá ọkọ̀ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìti igi sí táyà rẹ̀. Nítorí náà mo pinnu láti ràn yín lọ́wọ́. Mo gbé rúlà lé fóònù Anwar láti wọn táyà ọkọ̀ òfuurufú, kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Anwar fi ìka méjì nà án, ó tóbi, ó tún nà án, ó tún tóbi sí i, mo rí i pé táyà náà kò ní ìwọ̀n kan pàtó, mo bá ní kí káfíńtà mi ní Nzeng-Ayong lo ìwọ̀n ti ọkọ̀ akẹ́rù, kó fi ìbú ọwọ́ kan lé e. Igi pupa tó le bí irin ni. Wéèjì méjì, èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ẹnu wọn tí mo sì fi sáńpépà dán wọn.

Mo gbé wọn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Obìnrin ibẹ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n kọ ohun tó wà nínú ẹrù àti ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Mo kọ ọ́ ní Faransé mi tí gbogbo ènìyàn mọ̀, pé igi ni, pé wọn yóò fi dá ọkọ̀ òfuurufú dúró. Ó kà á, ó tún un kà, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì pe ọlọ́pàá. Wọ́n mú mi lọ sínú yàrá tútù kan, wọ́n fún mi ní omi, ọkùnrin mẹ́ta jókòó tì mí fún wákàtí kan àbọ̀, wọ́n ń béèrè pé ọkọ̀ wo ni, níbo ni, ta ló rán mi. Inú mi dùn pé wọ́n fẹ́ mọ̀. Mo kọ́ wọn ní iṣẹ́ wéèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n ní kí n máa gbé igi mi lọ sílé. Báyìí ni wéèjì méjèèjì ṣe padà sí yàrá àlejò wa.

Ó tó lórí igi. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò nìyí. Nígbà tí o pe ìyá rẹ lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí o ń sunkún, o ní ọ̀gá rẹ gbé ìwé kan wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ pé kí o fọwọ́ sí i. O ní ìwé náà sọ pé Cédric, bàbá ọlọ́mọ méjì tó ń ti wéèjì sí táyà níbi iṣẹ́ yín, ló gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀gá gan-an ló sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀, pé àwọn oníbàárà ń kánjú, o sì fi etí ara rẹ gbọ́ ọ. Bí o bá fọwọ́ sí i, wọn yóò lé Cédric. Bí o kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n lè lé ìwọ. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ, mo ní kí o fọwọ́ sí i, pé a kì í bá ẹni tó ń san owó oṣù fún ni du ọ̀rọ̀, pé èmi ti ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ rí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. O ní ẹ ṣé, bàbá, o sì pa fóònù. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi. Mo rò pé ìyá rẹ ló ń dín iyọ̀ kù.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Babátọ́pẹ́ wá kí wa kú ewu rẹ. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ní Awendjé, tí àwa méjèèjì jọ wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù láyé àtijọ́. Ó gbé wéèjì kan lé orúnkún, ó ń fi ọwọ́ pa á. Ìyá rẹ rojọ́ Cédric fún un, ó sì rojọ́ ìmọ̀ràn tí mo fún ọ. Babátọ́pẹ́ mu omi rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Buraimoh, ṣé Cédric yẹn náà ní bàbá níbì kan?” Ó gbé igi náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì lọ.

Bushrah, ẹ mọ ìtàn ọkọ̀ ọ̀gá wa tó yí lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Awendjé tó wó ògiri ìsọ̀ Lucienne oníbúrẹ́dì. Mo ti sọ fún yín títí ẹ fi mọ̀ ọ́n sórí, pé Babátọ́pẹ́ ló gbàgbé wéèjì, pé èmi sì dárí jì í nítorí ọkàn mi fẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Ó ti gbé wéèjì lọ́wọ́, ó ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, èmi ni mo ní kó jókòó, pé ìṣẹ́jú méjì ni mo fẹ́ lò, mo fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì tuntun ṣe ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí ọ̀gá dé tó béèrè ẹni tó jẹ̀bi, mo na ìka. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e. Èmi dúró, inú iṣẹ́ tí wọn kò lé mi kúrò ni mo ti rí owó ìsọ̀ yìí, èyí tí mo máa ń sọ pé kò sí ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi wá ń pè é ní Bàbá Agbàgbé nígbà tó bá wá jẹ ẹran Iléyá, ó sì ń bá yín rẹ́rìn-ín.

Lánàá mo wọ tasí lọ bá a. Ó ń tú ìdí fíríìjì kan lọ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní òun mọ̀, òun kúkú wà níbẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi ló ṣe pàtàkì. A jọ lọ sọ́dọ̀ Lucienne, mo sọ òtítọ́ fún un pẹ̀lú. Ó ní ọkọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wó ògiri náà láti ìgbà náà, òun kò rántí èwo ni tiwa, ṣé a ó ra búrẹ́dì. Babátọ́pẹ́ ra méjì. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, Anwar gbé ṣíbí sílẹ̀. Ìyá rẹ ní òun ti fura láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí bí mo ṣe ń sọ ìtàn náà kì í bára mu. Oúnjẹ alẹ́ náà dùn, mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, mo mú ọ̀rọ̀ mi padà. Má fọwọ́ sí ìwé yẹn. Bí o bá dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ìjàǹbá náà lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, sọ ohun tí o gbọ́ àti ẹni tó sọ ọ́. Bí wọ́n bá lé ọ, wá sílé, ilé mi ní yàrá méje, kò sì sí ẹni tó lè lé ọ kúrò nínú ọ̀kan nínú wọn. Faridah ní wéèjì kan ṣoṣo ni àpótí òun lè gbà. Mú un fún Cédric, kí o sọ fún un pé bàbá rẹ ló gbẹ́ ẹ.

Ní ti owó, mi ò tọrọ o, owó wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ a fẹ́ pa àgbò ìdúpẹ́ pé o yọ, àgbò tí mo sì ti fọwọ́ bà lọ́jà tóbi ju àgbò lásán lọ, ẹni tí ewu fò dá ló yẹ kó rà á. Fi ránṣẹ́ ṣáájú Jímọ̀, nítorí bí wọ́n bá ti lé ọ tán, ojú yóò tì mí láti béèrè.

Kí Ọlọ́run to egungun rẹ kó tọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó má jẹ́ kí ẹnu rẹ wúwo níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbà mí, kó má gbà ọ́ ju ọjọ́ Jímọ̀ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Buraimoh