Ìwé Tó Sọ Mí Di Ìwọ

Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé, ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni yàrá tí o ń gbé, ṣé òrùlé tó ń jò lọ́jọ́sí ti dákẹ́? Ọlọ́run tó gbé ọ ka orí àga tí o jókòó sí yẹn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ ṣubú níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà ò ní ba ojú rẹ jẹ́, ọ̀gá rẹ á máa rí ọ á sì máa rẹ́rìn-ín. Tí o bá ń fẹ́ gbọ́ nípa wa, èmi bàbá rẹ wà bí mo ṣe wà, ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀ nítorí pé mo máa ń pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn adìẹ ìyá rẹ ń yé dáadáa, ológbò aládùúgbò wá bímọ sínú àpótí tí mo ń kó àgékù aṣọ sí, mi ò sì lè lé e torí pé abiyamọ ni. Ìyá rẹ náà wà. Ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà sì le, nítorí ọ̀rọ̀ tìrẹ ni, màá débẹ̀.

Awakọ̀ tó máa ń ná ọ̀nà wa ti kó àpò ìwé àti aṣọ mẹ́rin tí o fi rán an dé. Mo ti ka lẹ́tà inú rẹ̀ ní àkàtúnkà, gbogbo rẹ̀ ló sì yé mi yékéyéké, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò yé bàbá rẹ. O fẹ́ lọ gbé òkè òkun fún oṣù díẹ̀, iṣẹ́ rẹ á sì bá ọ lọ nínú kọ̀ǹpútà. Bí èmi bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ sí ìlú mìíràn, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn oníbàárà á ti máa wí káàkiri pé télọ̀ ti kó aṣọ àwọn sá lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ, o lè wà lókè òkun kí o máa yàwòrán ilé fún àwọn tó wà níbí, kí ẹnikẹ́ni má sì pariwo olè. Inú mi dùn. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ wa ti ju ẹni tó ń wá iṣẹ́ lọ, iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé e kiri báyìí bí ajá. Ìyá rẹ ní ìyẹn dára, ó ní ajá kúkú máa ń mọ ọ̀nà ilé, ọmọ yẹn ni òun ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n.

Ti fisà ló kọ́kọ́ rú mi lójú. O ní èyí tí wọ́n fún ọ gbà ọ́ láàyè láti ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò gbà ọ́ láàyè láti ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ wọn. Mo gbé e síwá, mo gbé e sẹ́yìn, ó wá yé mi: àlejò ni ọ́ tó gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, àga lásán lo yá lọ́wọ́ onílé. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Nítorí náà, má lọ máa ṣe bí o ṣe máa ń ṣe nílé o. Bí aládùúgbò bá ní kí o bá òun di korobá mú, sọ fún un pé òfin ò gbà ọ́. Bí ìyá arúgbó kan bá ń gbálẹ̀ níwájú ilé, kí i dáadáa kí o sì kọjá lọ, mi ò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá ká ìgbálẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. O tún ní bí o bá pẹ́ jù níbẹ̀, ìjọba wọn á ní kí o wá máa san owó orí fún àwọn náà. Ìyẹn ò ṣòro, wọ́n ń fọwọ́ kan àga tí wọ́n yá ọ ni láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná. Kó tó gbóná, dìde.

Lórí adójútòfò ìlera, èmi àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní oríta jiyàn gan-an. Mo ní kí ló dé tí ọmọ mi á máa san owó àìsàn tí kò tíì ṣe é, ṣé a máa ń ránṣẹ́ pe àìsàn ni. Ó ní ṣebí àwọn oníbàárà mi máa ń san àsansílẹ̀ kí n tó rán aṣọ wọn. Àfi ìgbà tí mo délé ni mo rántí pé ẹni tó bá san àsansílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, aṣọ ló máa gbà níkẹyìn. Nítorí náà, bí àkókò tí o fẹ́ lò níbẹ̀ bá ń parí lọ, tí nǹkan kan ò sì ṣe ọ́, bí mo ṣe ń gbàdúrà, má tijú, lọ sí ọsibítù wọn kí wọ́n bá ọ wo ojú, kí wọ́n wo eyín, kí wọ́n wo etí, kí wọ́n wò ọ́ tán pátápátá. Má fi aṣọ rẹ sílẹ̀ fún télọ̀.

Àwọn aṣọ mẹ́rin tí o ní kí n ṣe àpò ìkọ̀kọ̀ sí ti ṣetán. O kọ ọ́ pé o fẹ́ kí ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ wà lọ́tọ̀, kí ó má wà níbi tí ojúlówó wà, nítorí àwọn olè. Mo ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí i, mo fi ọ̀rá wé wọn, mo sì rán ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ inú aṣọ kọ̀ọ̀kan, láàárín aṣọ òkè àti aṣọ abẹ́, níbi tí kò ti ní máa yún ọ. Olè lè gbé àpò, ó lè gbé kọ̀ǹpútà, kò lè bọ́ ọ sí ìhòòhò láàárín títì. Bí o bá jókòó tí o gbọ́ tí ẹ̀yìn rẹ ń dún bíi bébà, má bẹ̀rù, orúkọ rẹ ló ń dún. Nǹkan tí o kọ pé o rà, tí wọ́n fi ń ki wáyà tiwa bọ ihò iná ara ògiri tiwọn, ra òmíràn kún un kí o fi í sínú bàtà.

O tún ní agogo ibẹ̀ ṣáájú tiwa, pé bí ọ̀gá rẹ bá ń jí, ìwọ á ti jẹun ọ̀sán. Mo bá yọ agogo àtijọ́ tó ti kú kúrò nínú páálí, mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti pálọ̀, mo yí ọwọ́ rẹ̀ sí aago tìrẹ, kí n má baà máa pè ọ́ nígbà tí o bá ń sùn. Ìyá rẹ ní kò sí ìwúlò tí òkú agogo ń ṣe lára ògiri. Lọ́jọ́ kejì mo rí i tó ń rìn. Ẹnìkan ti fi bátìrì tuntun sí i, èmi kọ́, ológbò kọ́.

Obìnrin tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ yín náà ti pè mí, irú ìpè tí wọ́n fi ń rí ojú ara wọn nínú fóònù. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, mo wọ bàtà, mo fi ìbọ̀sẹ̀ sí i, àṣé iwájú orí mi nìkan ló ń rí. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní bí òṣìṣẹ́ àwọn bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ sókè òkun, ó gbọ́dọ̀ ní aṣojú nílé tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, tí yóò máa gba lẹ́tà rẹ̀, tí yóò máa bá a fọwọ́ síwèé. Ó ní láìsí ìwé àṣẹ yẹn, àwọn ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ náà kúrò nílé. Ó bi mí bóyá mo gbà láti jẹ́ aṣojú rẹ. Mo ní mo gbà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún òun àti ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí n tó dórí ọ̀gá àgbà.

Wàyí o, ìwé àṣẹ tó wà nínú àpò. Ọmọ mi, ìwé náà wú mi lórí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohunkóhun tí bàbá rẹ bá ṣe ní orúkọ rẹ, kí gbogbo ayé gbà pé ìwọ gan-an lo ṣe é. Mo rí ibi tí o fọwọ́ sí, mo fọwọ́ sí tèmi lábẹ́ rẹ̀, ó wá ku ìyá rẹ tí o fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ó gba bírò, ó wo ìwé náà bó ṣe máa ń wo ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tó ṣì ń ṣe tíṣà, ó sì gbé bírò sílẹ̀. Ó ní òun ò fọwọ́ sí i. Ó ní ọmọ tó mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ lọ́yà, tó mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ àwọn onífisà, tó mọ ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta wáyà, tí kò wá mọ ọ̀nà ilé kó wá dágbére fún ìyá rẹ̀, ẹ̀rí kí ni wọ́n fẹ́ kí òun jẹ́ lórí ẹni tí òun ò rí. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo ni òun bí, orúkọ rẹ̀ ò sì jẹ́ Awakọ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní Sátidé lo ń fò, iṣẹ́ ò jẹ́ kí o ráyè ni. Ó lọ bá àwọn adìẹ rẹ̀. Ó dùn mí wọra, torí pé mo mọ bí o ṣe ti pẹ́ tó tí o ti ń lé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí, àti pé bí ìyá rẹ ò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ á dúró nílé, ìwọ náà á sì dúró tì í. Ni mo bá tún ìwé náà kà. Ohunkóhun tí mo bá ṣe ní orúkọ rẹ. Ohunkóhun! Mo fọwọ́ lu orí ara mi. Bó bá jẹ́ ìdágbére ni ìyá rẹ ń fẹ́, ṣebí wọ́n ti fún mi láṣẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ rẹ, mo fẹ́ wọ̀ ọ́, ó há mi láyà, mo bá gbé e kọ́ èjìká, mo gbé àpò dání, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo yípo wá sí ẹnu ọ̀nà iwájú, mo kan ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ ṣílẹ̀kùn, ó ní ibo ni mo ti ń bọ̀. Mo ní láti ìlú ńlá ni, Màámi. Mo sì kúnlẹ̀. Ọkùnrin ni mí, ìdọ̀bálẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò kúnlẹ̀ kí ènìyàn rí láyé mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọbìnrin ni mo ń jẹ́. Mo ní Màámi, mo wá dágbére ni, mo ń lọ sókè òkun, iṣẹ́ mi á bá mi lọ, ẹ má bínú pé mi ò tètè wá, ẹ gbàdúrà fún mi.

Ìyá rẹ wò mí títí. Mo rò pé ẹ̀rín ló fẹ́ rín, àfi bí omi ṣe bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì ṣàdúrà títí orúnkún mi fi kú. Kò pe orúkọ mi rárá, tìrẹ ló ń pè. Ó ní wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, àwọn tí o kò mọ̀ rí á máa ṣe sí ọ bí ẹni tó bí ọ, ilé tí o bá wọ̀ á tù ọ́, ṣùgbọ́n kò ní tù ọ́ jù. Lẹ́yìn àmín, ó nu ojú, ó di tíṣà padà. Ó ní kí n dìde, pé ìwé tí mo gbára lé ò tíì lágbára níwọ̀n ìgbà tí ẹlẹ́rìí ò tíì fọwọ́ sí i, nítorí náà ọkọ òun ló kúnlẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ òun. Mo ní orúnkún mi ti gan, bí kò bá fọwọ́ sí i mi ò ní lè dìde. Ó ní kí n gbé bírò wá.

Ó fọwọ́ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó fi lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tó máa ń kọ sójú pátákó kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, pé bàbá yìí lè ṣe ohun gbogbo dípò ọmọ mi, wíwá sílé nìkan ni kò lè bá a ṣe. Mo bi í pé ṣé ìyẹn ò ní ba ìwé jẹ́. Ó ní báwo ló ṣe máa bà á jẹ́, ṣé irọ́ ni òun kọ ni.

Mo gbé e lọ bá lọ́yà ìlú wa tí o ní kó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọkùnrin náà kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó ní ìwé ti bàjẹ́, ẹlẹ́rìí kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ìwé àṣẹ. Ó ní kí n má dààmú, òun á tẹ òmíràn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tí òun rí yìí, àfi kí ìwọ tí o ni ìwé, èmi àti ẹlẹ́rìí jọ fọwọ́ sí i lójú òun nínú yàrá kan náà. Ọjọ́bọ̀ ló fi sí fún wa. Mo ti wò ó, àyè wà, wàá padà dé ìlú ńlá kó tó di Sátidé.

Mo padà sílé. Mo rọra sọ fún ìyá rẹ pé ọ̀rọ̀ tó kọ ti ba ìwé jẹ́, pé àfi kí ọmọ wá fúnra rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní ó mà ṣe o, pé òfin ni òfin. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé wọ́n ti ṣí fèrèsé yàrá rẹ, bẹ́ẹ̀dì rẹ wà nínú oòrùn, aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí rẹ̀ wà lórí okùn, ó ti gbẹ. Mo ní àbí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní àwọn adìẹ ń pe òun. Mi ò mọ bó ṣe ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ló kúkú máa ń ṣètò nǹkan.

Mo nílò owó díẹ̀ fún òwú àti abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, awò ojú mi náà ti sán. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní bí o bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ báyìí, owó á bọ́ sí báńkì kí n tó pajú dé. Má tẹ̀ ẹ́. Má fún awakọ̀. Mú u wá lọ́wọ́ ara rẹ. Mo bi ìyá rẹ bóyá ó ní ohun tó fẹ́ kí n bá òun kọ, ó ní rárá, ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ibi tí o ń lọ á gbà ọ́, ibi tí o ti ń bọ̀ ò ní gbàgbé rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní já lójú ọ̀nà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kì í ṣe ìwọ mọ́ títí di Ọjọ́bọ̀.