Ẹ Gbé Ilé Ọmọ Náà Jáde Lódindi

Fàdìlàt Àtọ́kẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara le, ṣé òjò Igando kò da ìwọ àti ìyá rẹ láàmú jù? Ìtọ́jú tí ò ń ṣe fún un, ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe é fún ọ. Àlàáfíà la wà lábúlé, àfi ewúrẹ́ ìyá rẹ tó bí méjì, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. O ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa yọ ilé ọmọ kúrò. Ilé ọmọ wo? Ọmọ mélòó ni mo ní l'Ékòó bí kò ṣe ìwọ nìkan? Mo ní ìjọba ti gbé katakata dé nìyẹn, mo sáré lọ bá Raheem káfíńtà pé kó jẹ́ ká lọ gba páànù òrùlé rẹ là. Ó ti di òòlù sápò tán kí nọ́ọ̀sì Susanna tó gba fóònù náà kà, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Bàbá, ilé ọmọ tó wà nínú ikùn ìyá ni o, pé nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ìyá rẹ tún ń rí lẹ́yìn tó ti fi nǹkan oṣù sílẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá ni. Ó ní wọn kò ní la ikùn gbuu, ihò bíi ti bọ́tìnnì ni wọ́n máa dá sí i, kámẹ́rà á gba ibẹ̀ wọlé. Tó bá jẹ́ fọ́tò ni wọ́n fẹ́ yà, kí ìyá rẹ wọ léèsì aláwọ̀ omi aró yẹn o, kó má sì fajú ro.

Mo wá bi Susanna pé báwo ni odindi ilé ọmọ ṣe fẹ́ gba ihò bọ́tìnnì jáde. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tí àwọn dókítà kan fi ń gé e wẹ́wẹ́ nínú ikùn níbẹ̀, kí wọ́n tó máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Pé bí jẹjẹrẹ bá lúgọ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà lè fọ́n ọn káàkiri, àwọn òyìnbó gan-an ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Háà! Àtọ́kẹ́, mi ò mọ ìwé dókítà, ṣùgbọ́n mo mọ ilé agbọ́n. Ta ló ń gé ilé agbọ́n wẹ́wẹ́ nínú yàrá? Àpò là ń rọra fi bò ó, a ó so ẹnu àpò, a ó gbé e jáde bó ṣe wà.

Jàre, kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, lọ bá Dókítà Ọláfimíhàn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Kúnlẹ̀ o, má fi gírámà bá a sọ̀rọ̀. Bi í bóyá wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé jẹjẹrẹ kò sí níbẹ̀, kí o sì bi í ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà yọ ọ́. Tó bá ní ẹ̀rọ agégé yẹn ni, sọ pé Bàbá kọ̀. Kí wọ́n kúkú la ikùn náà. Ìyá rẹ á ní àpá máa ba ẹwà òun jẹ́. Sọ fún un pé èmi nìkan ló ń wo ikùn ọ̀hún, ojú mi ò sì ríran dáadáa mọ́.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè dé kí wọ́n tó gbé e wọlé. Wọ́n ní owó ti ń gba inú fóònù báyìí, mo ti yọ bátìrì tèmi wò lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tíì bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ọlọ́run Ọba yóò ṣọ́ ọwọ́ tó máa di ọ̀bẹ mú, yóò ṣọ́ ẹni tó sùn síwájú rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí n tún gbọ́ èébú ìyá rẹ lẹ́nu ọ̀nà mi. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulsobur