Nítorí Ìpè Tí Mo Pè Yín Lórí Ìtàgé

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ọmọ yín kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bá mi kí Àǹtí Bọ́lá, ẹ kí gbogbo agbo ilé wa ní Ẹ̀rúnmu. Inú ìwé ìròyìn ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, torí ẹ ti yarí, ẹ ò gbé fóònù mi mọ́, mo sì mọ̀ pé kò sí ìwé ìròyìn Yorùbá tí Bàbá kì í kà sókè sí yín létí.

Ara mi le. Iṣẹ́ ilé búrẹ́dì ń lọ, owó tó ń wọlé ò pọ̀, ṣùgbọ́n ebi ò pa mí. Òtútù ìlú òyìnbó níbí ni ò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, àfi bíi pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Dídá nìkan wà ló mú mi tẹ̀lé àwọn olórin kan. Wọ́n gbọ́ pé mo máa ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní kí n wá bá àwọn lù ú.

Háà, Ìyá mi, orin wọn ò lórí, kò nídìí! Àwòrán ni wọ́n yà sórí páálí: ilà wíwọ́, òbíríkítí, ibì kan á tún ṣófo. Kálukú á wò ó, á lù ú bó ṣe yé e. Lẹ́yìn náà wọ́n á ju dáìsì lúdò, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, ohun tí dáìsì bá sì ní kéèyàn ṣe, dandan ni. Ọkùnrin kan kàn ń ya bébà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi kàn mí. Dáìsì ní kí n pe ẹni tó bí mi lórí fóònù, kí gbogbo èrò máa gbọ́.

Ẹ gbé e. Ẹ gbọ́ gòjé tí obìnrin kan ń fa, ẹ ní ta ni inú ń run lẹ́yìn mi yẹn, ẹ ní kí n tètè fún un lómi iyọ̀. Ẹ tún yà bá ewúrẹ́ tó ń jẹ láfún yín, ẹ ṣépè fún òun àti ẹni tó ni ín. Ẹ padà sórí fóònù, ẹ ké Hálelúyà méje kí Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ ajínigbé. Ni àtẹ́wọ́ bá sọ. Ẹ bèèrè pé kí nìyẹn, èmi òmùgọ̀ sì ní àwọn tó wá wòran ni. Ẹ ní mo ti fi ìyá mi ṣe ìran wò, ẹ pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, kẹ́kẹ́ pa.

Ẹ gbọ́ tèmi náà, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé mo lè kí yín lórí ìdúró ni? Bí mo ṣe gbọ́ ohùn yín, mo dọ̀bálẹ̀. Àwọn olórin yòókù rò pé ó wà nínú orin, wọ́n nà gbalaja. Àwọn òǹwòran rí i, àwọn náà tẹ̀lé e, àtọmọdé àtarúgbó. Kò sẹ́ni tó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni gbogbo wọn wà nígbà tí ẹ ń bú ewúrẹ́.

Ó ń dùn mí, Ìyá mi. Mo lè fara da òtútù, n ò lè fara da kí n má gbọ́ ohùn yín. Sátidé tó kọjá, dáìsì tún ní kí n pe ilé. Fóònù ń dún, ó ń dún, ẹ ò gbé e. Gbogbo wọn ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń retí yín.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí ará ilé, ẹ kí ará oko. Bí mo bá tún pè, ẹ dákun, ẹ gbé e, kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ lè rí ẹni tí yóò ní kí wọ́n dìde.

Èmi ni ọmọ yín,
Ṣínà