Omi Tí Mo Pọn Fún Ẹ̀rọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ìwọ àti ìyàwó rẹ, àti ọmọ yín tí n kò tíì fojú kàn? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tí yóò bà yín lẹ́rù. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń rojọ́ ní gbogbo òwúrọ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ìyá rẹ sì máa ń gbé ọ̀kan pọ̀n kiri àgbàlá. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹ̀yìn òun gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ní oríta. Wọ́n ní ẹni tó bá dá ìgò ẹlẹ́rìndòdò padà fún un yóò gba owó díẹ̀, wọn yóò sì fi ìgò náà ṣe òmíràn. Mo ṣa ìgò oníke kún àpò, nítorí mo ń wá owó ọkọ̀ tí n ó fi wá sọ́dọ̀ yín. O mọ̀ pé n kò kọ́ yín láti dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo, nítorí náà mo fọ àwọn ìgò náà, mo pọn omi tó mọ́ sí wọn dé ọrùn, mo rù wọ́n débẹ̀. Mo kí ẹ̀rọ náà, kò dáhùn. Mo rò pé oúnjẹ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ki ìgò kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó gbé e mì, ó tún bì í jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé omi náà mọ́. Awakọ̀ kan tó tò sẹ́yìn mi béèrè pé Ọ̀gá Tíṣà, ta ló sọ fún yín pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ̀rọ? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ló sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé òfìfo ni àwọn ń gbà, kí n da omi nù.

Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí mo ti ń da omi nù ni ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ ti bá mi. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ mú un wálé, ó gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀ níwájú mi. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, ó ní ó ń ṣa ìgò òfìfo tà. Mo ní kó gbé abọ́ rẹ̀ kúrò, pé ọmọ aṣàgò kò ní dáná nílé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. N kò tilẹ̀ ṣí ìdérí. Ìyá rẹ ní kí n jọ̀wọ́ fi nǹkan sí abọ́ náà fún ọmọ ọlọ́mọ, mo ní ẹ̀kọ́ ni mo fi sí i. Ọmọ mi, ẹ̀rọ tí kò lójú, tí kò nímú, ni mo pọn omi fún. Ọmọ ènìyàn tó kúnlẹ̀ níwájú mi ni mo lé. Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo ṣẹ ìyá rẹ̀, mo sì ṣẹ ìwọ náà.

Owó tí ẹ̀rọ náà san kò lè gbé mi dé ìdajì ọ̀nà. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá bẹ ìyàwó rẹ fúnra mi. Má ní kí n bá a sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí bí mo bá kúnlẹ̀ nídìí fóònù, kò lè rí mi. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè. Bí ó bá ní kí n má wá, má bá a jà. Fi owó ọkọ̀ náà ra bàtà fún ọmọ yín, má sì sọ pé èmi ni mo rà á.

Ọlọ́run yóò bá yín tọ́ ọmọ náà. Kò sì ní jẹ́ kí ìwọ di àgbà tí yóò máa kọ irú lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.